Kí ló dé tí àjọ ìjọba kò dínkù?

Ìbéèrè: Láti 2020 ni VAT (owó orí tí à ń san lórí ọjà) ti kúrò ní 5% bọ́ sí 7.5%. Ṣé ìjọba àpapọ̀ kò lè dín àjọ tirẹ̀ kù kí ìnáwó òun náà lè dínkù ni?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é. Ìgbìmọ̀ Oronsaye, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti yẹ àwọn àjọ rẹ̀ wò, ka àjọ 541 ní 2012, ó ní kí àwọn tí òfin dá sílẹ̀ dínkù láti 263 sí 161. Ọdún 2024 ni ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n mú un ṣẹ. Ọdún 12 gbáko! Ó dùn wá gan-an.

Ibi tó ti ń há nìyí: àjọ tí òfin bí, òfin náà ló lè pa á. Àfi kí ilé aṣòfin méjèèjì fagi lé òfin tó dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì da àjọ méjì pọ̀ láìdín ọ̀gá àti ọ́fíìsì kù, iye owó kan náà ni yóò máa jáde.