Ìdí tí wọ́n fi ń tú omi dáàmù sílẹ̀ nígbà tí òjò ti dá

Ẹ bi wá pé kí ló dé tí wọ́n ń tú omi dáàmù sílẹ̀ nígbà tí òjò ti dá. Dáàmù tí wọ́n kọ́ nítorí ìkún omi, àyè tó ṣófo nínú rẹ̀ gan-an la nílò. Bó bá kún dẹ́nu, ibo ni omi òjò tó ń bọ̀ máa wọ̀? Wọ́n á rọra tú u kí odò ìsàlẹ̀ má baà kún àkúnya. Òjò lè dá o, kí omi inú dáàmù ṣì máa ga sí i, torí omi òkè odò ṣì wà lọ́nà. Ní oṣù Kejì 2017, omi dáàmù Oroville ní California, ní Amẹ́ríkà, ga débi tó fi gba ojú ọ̀nà pàjáwìrì tí wọ́n ṣe fún omi tó bá pọ̀ jù jáde. Ìyẹn lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nílé, bẹ́ẹ̀ dáàmù náà fúnra rẹ̀ ò wó.