Màlúù mi sọ oyún nù: ṣé òun nìkan ni kí n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ẹ̀yìn Òṣogbo, lọ́nà Ìlobùú, ni mo ti ń sin màlúù. Mẹ́rìnlá ni mo ní. Mo ra mẹ́fà kún un lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan sọ oyún oṣù méje nù, ibi ọmọ rẹ̀ sì há. Darandaran mi ní kí n yáa tà á. Torí owó, ṣé kí n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ná?

Ìdáhùn: Ẹ kú àdánù. Ẹ má tà á o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé àrùn láti agbo dé agbo. Tí oyún tó ti dàgbà bá wálẹ̀, tí ibi ọmọ sì há, brucellosis, àrùn tó ń mú ẹran sọ oyún nù, tó sì lè ran ènìyàn, ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí, bí àrùn mìíràn tilẹ̀ lè fà á.

Gbogbo ogún ni kí ẹ yẹ̀ wò. Èyí tó sọ oyún nù la rí. Èyí tó gbé àrùn wọlé lè máa jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ara rẹ̀ máa dán. Ẹni tó ta mẹ́fà yẹn fún yín kò kúkú ní sọ pé ọ̀kan ti sọ oyún nù rí. Ẹ̀jẹ̀ ti ọ̀kan yìí pàápàá lè tàn wá, torí àyẹ̀wò tó bá súnmọ́ ìgbà tí oyún wálẹ̀ lè ní kò sí àrùn, kó sì wà níbẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ká tún un gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá mọ èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn yìí, ẹ sọ, torí abẹ́rẹ́ náà lè hàn nínú àyẹ̀wò bí ẹni pé àrùn ni.

Ọ̀nà ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń bàjẹ́. Láti iṣan ọrùn la ti ń fà á, sínú igo tí kò ní oògùn kankan, kí nọ́ńbà ara igo bá ti etí màlúù mu. Ẹ gbé e sí ibòji títí yóò fi dì, tí omi rẹ̀ yóò yọ sókè. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ń wọ kúlà. Wọ́n ti gbé e wá bá mi rí lórí ọ̀kadà, nínú ọ̀rá, lọ́sàn-án gangan. Omi rẹ̀ ti pọ́n bíi sóbò. A dà á nù ni.

Ní láàbù, ẹ̀kán omi ẹ̀jẹ̀ kan àti ẹ̀kán oògùn aláwọ̀ osùn kan la ń pò lórí àwo funfun, tí a ó máa mì ín fún ìṣẹ́jú 4. Bó bá ṣù bíi wàrà tó ń dì, a ó ṣe àyẹ̀wò kejì tó máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti ikọ́ ife mọ́ ọn. Ìyẹn kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀: a ó fá irun ọrùn, a ó wọn bí awọ ṣe nípọn tó, a ó sì gún oògùn díẹ̀ sínú awọ. Lẹ́yìn wákàtí 72, a ó padà wá wọ̀n ọ́n. Bí darandaran bá ti kó wọn lọ jẹko lọ́jọ́ náà, owó yín ti wọgbó.

Ní báyìí ná, ẹ se wàrà kó hó dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ibi ọmọ tàbí oyún tó wálẹ̀. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí ajá má hú u. Bí ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ àti oríkèé ríro bá ń bá darandaran yín fínra, kó sọ fún dókítà ní ọsibítù pé màlúù lòun ń dà, torí ibà ẹ̀fọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè é.