Ta ló lè di ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 24, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló wù ú, ó sì ní òun fẹ́ di ọ̀gá pátápátá. Àbúrò ìyàwó mi náà ti ń ṣe kọ́ńsítébù láti ọdún mẹ́fà. Ṣé ọ̀nà wà fún àwọn méjèèjì? (Bàbá kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ọ̀nà wà, Bàbá, ṣùgbọ́n ọdún ni kí ẹ máa ṣírò. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní kí ọlọ́pàá fẹ̀yìn tì tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tó bá pé ẹni ọdún 60, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Bí ọmọ yín bá wọlé báyìí gẹ́gẹ́ bíi kadẹ́ẹ̀tì ASP (ipò tó kéré jù láàárín àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá), ẹni ọdún 59 ni yóò jẹ́ nígbà tí 35 bá pé, kò sì ní pàdánù ọdún kankan. Ẹni tó bá wọlé lọ́mọ ọdún 29 kò lè lò ju 31 lọ.

Láti ASP, ẹ ka àwọn ipò tó tẹ̀lé e láti ìsàlẹ̀ sókè: DSP, SP, CSP, ACP, DCP, kọmíṣánnà, AIG (olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá pátápátá), DIG (igbákejì ọ̀gá pátápátá), kó tó kan ọ̀gá pátápátá. Ìgbéga 9 nìyẹn. Ẹ pín 35 sí 9, kò tó ọdún mẹ́rin lórí ipò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá jókòó ọdún méje sórí SP ti jẹ nínú ọdún tó yẹ kó fi ṣe AIG. Bí ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ bá sì wà lọ́rùn ọlọ́pàá kan, tí wọn ò tíì dájọ́ rẹ̀, ìgbéga rẹ̀ lè dúró títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú, àwọn tí wọ́n jọ wọṣẹ́ yóò sì kọjá lára rẹ̀. Ọjọ́ ìbí tó bá kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kó bá ti ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mu, torí òun ni wọn yóò fi ṣírò títí dé òpin.

Ti àbúrò ìyàwó yín le díẹ̀. Kọ́pùrù, sájẹ́ǹtì àti ìnsípẹ́kítọ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀ kó tó kan ASP, ọdún mẹ́fà sì ti lọ nínú 35 rẹ̀. Òfin tún ní ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe ọ̀gá pátápátá kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju AIG lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ní digíírì, ó kéré tán. Ìwé ni kó kọ́kọ́ gbájú mọ́. Kó gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, kó forúkọ sílẹ̀ ní NOUN, yunifásítì ìjọba tó bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mu, kó sì rí i pé ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí náà wọ fáìlì rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí fáìlì tuntun fún un nígbà ìgbéga, kó ṣọ́ra. Kó fojú ara rẹ̀ rí i pé ọjọ́ tó wọṣẹ́ gan-an ni wọ́n gbé wọ fáìlì tuntun.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí àwọn DIG kan fi máa ń lọ sílé bí wọ́n bá ti yan ọ̀gá tuntun? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ààrẹ ló ń yàn án, pẹ̀lú ìmọ̀ràn Ìgbìmọ̀ Ọlọ́pàá, láàárín àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹni tó pẹ́ jù. AIG ni Mohammed Adamu nígbà tí wọ́n yàn án ní oṣù kìíní ọdún 2019, àwọn DIG tó wà lókè rẹ̀ sì fẹ̀yìn tì. Nínú iṣẹ́ tí àṣẹ ti ń wá láti òkè, ó ṣòro kí ẹ̀gbọ́n máa bẹ́rí fún àbúrò lójoojúmọ́ kí àṣẹ má sì dàrú.

Ọdún 35 náà dé bá Adamu: ó pé lọ́jọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí kò tíì pé ẹni ọdún 60, Ààrẹ sì fi oṣù mẹ́ta kún un. Òfin 2020 fún ọ̀gá pátápátá ní ọdún mẹ́rin. Àtúnṣe ọdún 2024 sì jẹ́ kó lo iye tó wà nínú lẹ́tà ìyànsípò rẹ̀ tán, kódà bó bá pé 60 tàbí tó lo 35. DIG kò sí nínú àǹfààní yẹn.