Kọ́ọ̀dù Ayípadà Lórí Gìtá Orí Itan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gìtá orí itan (lap steel, èyí tí à ń gbé lé itan, tí a sì ń fi ọ̀pá irin yọ́ lórí okùn rẹ̀) olókùn mẹ́fà ni mò ń ta, C6 ni mo yí i sí (láti okùn kẹfà dé ìkíní: C, E, G, A, C, E), kò sì ní pẹ́dà tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn okùn padà. Báwo ni mo ṣe lè fi irin rẹ̀ mú G7 (kọ́ọ̀dù tó ní ohùn G, B, D àti F) tí a yí ohùn rẹ̀ padà jáde?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí onígìtá béèsì di G mú. Bí irin bá dúró ṣánṣán lórí ìlà kìíní (fret, àwọn ìlà tó wà lára ọrùn gìtá), okùn kẹfà, ìkarùn-ún àti ìkẹrin yóò dún Db, F àti Ab (b ń fi hàn pé ohùn náà rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀), tí yóò fún G7 náà ní ìkorò tí ẹ ń wá. B ni kò sí níbẹ̀. Láti rí i, ẹ da irin gẹ̀rẹ́, kí okùn kẹrin wà ní ìlà kẹrin, kí ìkejì wà ní ìkarùn-ún. B àti F nìyẹn. Ẹ má ta okùn kẹta, nítorí ohùn rẹ̀ yóò bọ́ sí àárín ìlà méjì.