Ṣé àwọn olówó ìlú Athens àtijọ́ máa ń san owó orí?

Rárá, ọmọ onílùú Athens kì í san owó orí lọ́dọọdún; iṣẹ́ ìlú ni wọ́n máa ń gbé lé olówó lọ́wọ́, kó fi owó ara rẹ̀ ṣe é. "Leitourgia" ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan lè gba ìtọ́jú ọkọ̀ ojú omi ogun fún odindi ọdún kan, ẹlòmíràn á náwó sórí àwọn akọrin ọdún Dionysus, òrìṣà wáìnì wọn, ẹlòmíràn á se àsè fún gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n yàn bá mọ ẹnì kan tó lówó jù ú lọ, ó lè pè é níjà: kó gba iṣẹ́ náà, tàbí kí àwọn méjèèjì pààrọ̀ dúkìá.

Ìdí nìyí tí oúnjẹ olówó fi ń di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́: owó tó bá jẹ tán kò ní sí fún iṣẹ́ ìlú mọ́. Ẹja ńlá wọ́n, pàápàá àwọn ẹja gígùn bí ejò tí wọ́n ń kó wá láti adágún Copais. Nígbà tí Aeschines, olóṣèlú Athens kan, pe Timarchus, olóṣèlú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́jọ́, ní nǹkan bí ọdún 346 ṣáájú ìbí Kristi, ó ní Timarchus fi ẹja, àsè, tẹ́tẹ́ àti obìnrin jẹ ogún bàbá rẹ̀ run, ogún tó tó fi ṣe iṣẹ́ ìlú.

Àmọ́ nígbà ogun, wọ́n máa ń bu owó lé olówó: ní ọdún 428 ṣáájú ìbí Kristi, tálẹ́ńtì 200 (òṣùwọ̀n fàdákà ńlá) ni wọ́n kó jọ. Àwọn àjèjì tó ń gbé Athens ní tiwọn ń san owó orí lọ́dọọdún, dírákímà (owó fàdákà wọn) 12 fún ọkùnrin.