Ṣé Wọ́n Máa Sọ Ọmọ Mi Di Sísítà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ìléṣà ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì la sì ń lọ. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 18, ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti iṣẹ́ ìránṣẹ́ lòun fẹ́ kà, yunifásítì àwọn Kátólíìkì ló sì wù ú. Bàbá rẹ̀ fárí gá. Ó ní wọ́n á sọ ọ́ di sísítà, àwọn obìnrin Kátólíìkì tí kì í lọ́kọ, bí wọn ò bá sì sọ ọ́ di sísítà, ebi ló máa pa á. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ fi bàbá lọ́kàn balẹ̀ lórí ti sísítà ná, ìyẹn ló rọrùn jù. Kò sí ìwé ẹ̀rí yunifásítì tó ń sọ èèyàn di sísítà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ Kátólíìkì, kó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá wọn pé òun fẹ́ máa bá wọn gbé. Òfin ìjọ wọn ní kó wà lábẹ́ àyẹ̀wò fún ọdún kan, ó kéré tán, kó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ́ onígbà díẹ̀ yẹn náà á tó ọdún 3 kí wọ́n tó gbà á láyè láti jẹ́ èyí tó wà títí ayé. Ta ló máa fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ mú ọmọ yín gba gbogbo ìyẹn kọjá?

Ti oyè àlùfáà kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, torí ìjọ Kátólíìkì kì í fi obìnrin jẹ ẹ́. Àwọn ọkùnrin tó ń wá a gan-an, sẹ́mínárì ni wọ́n ń lọ, irú èyí tó wà ní Bódìjà n'Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ pé ìjọ tiyín ni ọmọ fẹ́ ṣiṣẹ́ fún bí ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ lọ bá mínísítà yín sọ̀rọ̀ nípa Immanuel College n'Ìbàdàn kan náà, níbi tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì àti Áńgílíkà ti ń kọ́ tiwọn.

Kí wá ni wọ́n ń kọ́ ọmọ? OAU wa níbí, n'Ilé-Ifẹ̀, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, kò sì jìnnà sí yín. Ẹ̀sìn ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ti Kìrìsìtẹ́nì, ti Mùsùlùmí àti ti ìbílẹ̀; wọn kì í bi ọmọ pé ṣé o gbà á gbọ́. Àwọn Kátólíìkì ń kọ́ ọ bí onílé ṣe ń mú àlejò wo yàrá inú ilé rẹ̀. Bíbélì tí ẹ ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ìwé 66, tiwọn jẹ́ 73, nítorí náà ọmọ yín á ka Tóbítì, Júdítì àti Mákábì. Yóò sì rí i pé nínú Gẹ́nẹ́sísì orí kìíní, ẹranko ló ṣáájú èèyàn, àmọ́ ní orí kejì, ọkùnrin ti wà kí Olúwa tó mọ ẹranko. Mo ti rí ọmọ tó sunkún nítorí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Bó bá jẹ́ olùkọ́ tó dáa ló ń kọ́ ọ, yóò padà bọ̀ sípò.

Ibi iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Mo ti tẹ̀lé àwọn ọmọ lọ sí wọ́ọ̀dù rí. Ọ̀kan nínú wọn dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá àgbà kan, ó gbọ́wọ́ lé e lórí, ó sì ki àdúrà mọ́lẹ̀. Bàbá ní sùúrù títí, ó wá ní, “Àmín o, ọmọ mi. Bá mi gbé ike ìtọ̀ yẹn ná.” Nígbà tí a padà dé, mo ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ohun tóun sọ àti ohun tí bàbá sọ, kó má yọ kan kúrò. Ẹnu ìkọ̀wé yẹn ló ti rí i pé òun ò tilẹ̀ béèrè orúkọ bàbá. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí nìyẹn, ó sì le ju èdè Gíríìkì lọ. Ilé ìwé tó bá ní òun ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣẹ́, tí kì í rán ọmọ lọ sí ọsibítù, ẹ̀wọ̀n tàbí ilé arúgbó, tí kò sì ní olùkọ́ tó ń ka ohun tí wọ́n kọ bọ̀, ẹ gbowó yín dání.

Ọmọ òṣómàáló ni bàbá ọmọ yín, ó ní láti béèrè èrè ọjà. Mi ò ní tàn yín: owó ńlá kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ ń dà, bẹ́ẹ̀ oyè yìí nìkan kò tó fún iṣẹ́ olùkọ́. Bí kò bá kà á pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò ṣe PGDE, ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, lẹ́yìn rẹ̀, kó tó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Ẹ fi kún ìnáwó yín láti ìsinsìnyí.

Kátólíìkì ní yunifásítì Veritas ní Bwari l'Ábújá, wọ́n ní Augustine ní Ìlárá, lọ́nà Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì tún ní òmíràn; kì í ṣe gbogbo wọn ló ń kọ́ ohun kan náà. Ẹ má béèrè bóyá NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, fọwọ́ sí ilé ìwé. Ẹ béèrè bóyá ó fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ yìí gan-an, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣẹ kíkún ń lo ọdún 5, àṣẹ fún ìgbà díẹ̀ ń lo ọdún 2. Èyí tí kò bá ní àṣẹ lè mú kí ọmọ pàdánù NYSC. Owó ibùgbé àti oúnjẹ náà ńkọ́? Ilé ìwé aládàáni ni, kì í ṣe ti ìjọba.

Ti Mísà, ìsìn àwọn Kátólíìkì, yóò máa jókòó síbẹ̀, àmọ́ kò ní gba kòmúníọ̀. Ìwé òfin tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde lọ́dún 1990 fún àwọn yunifásítì wọn ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn àwọn tí kì í ṣe Kátólíìkì. Kó mú ìwé orin Mẹ́tọ́díìsì rẹ̀ dání.

Kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ mú ọmọ náà lọ kí aláìsàn kan ní ọsibítù Wesley Guild, kẹ́ ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ wo ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè.