Èsì: Ẹran àgbọ̀nrín tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀, tí òórùn rẹ̀ ò sì lọ

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ ní ẹ rẹ ẹran àgbọ̀nrín sínú ọtí kíkan fún ọjọ́ méjì, ojú rẹ̀ rọ̀ pẹ̀tẹ̀, òórùn ìgbẹ́ ò sì kúrò. Ọjọ́ méjì yẹn ló bà á jẹ́. Ọtí kíkan kì í wọnú ẹran jìnnà, ara òde ló máa ń jẹ. Iyọ̀ ló ń wọlé dáadáa.

Òórùn yẹn, inú ọ̀rá ló pọ̀ sí jù. Kẹ́ ẹ tó rẹ ẹran rárá, ẹ gé gbogbo ọ̀rá kúrò, kẹ́ ẹ wá ki ẹnu ọ̀bẹ mímú bọ abẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó ń dán bíi fàdákà, kẹ́ ẹ bó o díẹ̀díẹ̀. Èmi kì í fo èyí láéláé. Lẹ́yìn náà, iyọ̀, òróró, àlùbọ́sà, aáyù, àti ọtí kíkan ṣíbí méjì péré, nínú abọ́ dígí. Wákàtí 12 ti tó. Inú fíríìjì ni o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kalẹ̀ síta.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo omi tẹ́ ẹ fi rẹ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó hó dáadáa. Kí inú ẹran náà gbóná dé 71°C, torí fírísà kì í pa gbogbo aràn inú ẹran ìgbẹ́.